Wọ́n tọ́ka sí iṣẹ́ wa, a ò gbọ́: báwo la ṣe ń ta òǹkọ̀wé lólobó?

Olótùú Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Jọ́nà kékeré kan tó jẹ mọ́ èdè àti àṣà là ń tọ́jú ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń jáde lọ́dún, àpilẹ̀kọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló sì ń wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun méjì là ń wá. Èkíní, kí àwọn tó ń kọ̀wé sínú jọ́nà wa máa gbọ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá tọ́ka sí iṣẹ́ wọn. Èkejì, kí àwa náà máa kọ lẹ́tà sí àwọn tí a tọ́ka sí nínú ẹ̀dà tuntun, kó má jẹ́ pé wọ́n á kàn ṣèèṣì rí i lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Orí OJS, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe jọ́nà, la wà. Àwọn àpilẹ̀kọ wa kan ní DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ tí kì í yí padà, àwọn kan ò ní. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Àǹtí Kátálọ́ọ̀gì

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀nà wọn ò papọ̀. Ti àwọn òǹkọ̀wé yín ni màá fèsì sí ná.

Google Scholar, apá Google tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí, ló rọrùn jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Bó bá jẹ́ àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ṣọ́, ẹ kọ àkọlé rẹ̀ sínú àpótí ìwárí láàárín àmì àyọlò. Nígbà tó bá jáde, ẹ ó rí "Cited by" lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iye àwọn tó ti tọ́ka sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Lápá òsì ojú ewé tó máa ṣí, àwòrán àpòòwé kan wà tí wọ́n kọ "Create alert" sí. Ẹ tẹ ìyẹn náà, ẹ fi ímeèlì yín sí i. Ó parí. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń ṣe é, ẹ lè má tètè rí àpòòwé yẹn. Ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè, inú ibẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹni tí kò bá wọ inú àkáǹtì Google rẹ̀ kó tó ṣe é, wọ́n á fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí i pé kó tẹ líǹkì láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí kò bá tẹ líǹkì yẹn, kò ní rí ìtanilólobó kankan, yóò sì máa rò pé kò sẹ́ni tó ka iṣẹ́ òun. Bó bá jẹ́ ímeèlì ilé iṣẹ́ ló lò, kó yẹ inú spam wò.

Ọ̀nà kejì ni kí òǹkọ̀wé ṣí prófáìlì tirẹ̀ lórí Google Scholar, kó fi ímeèlì yunifásítì sí i. Ti OAU, yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, máa ń parí sí oauife.edu.ng. Bí wọn ò bá fìdí ímeèlì yẹn múlẹ̀, prófáìlì náà kò ní jáde nígbà tí ẹlòmíràn bá ń wá orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kó tẹ "Follow" lórí prófáìlì náà, kó sì fàmì sí ibi tí wọ́n kọ "New citations" sí. Gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kò tún sí pé à ń tẹ àpòòwé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Lábù

Àǹtí wa ti ṣe iṣẹ́ tó tó. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Àpilẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tọ́ka sí kì í ní "Cited by" lábẹ́, nítorí náà kò sí ibi tẹ́ ẹ ti máa rí àpòòwé tí Àǹtí sọ. Fún irú ìyẹn, ẹ ṣe ìtanilólobó lórí ìwárí: ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ṣàjèjì nínú àkọlé, ẹ fi í sáàárín àmì àyọlò, ẹ fi orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé kún un, ẹ wá a, kí ẹ wá tẹ àpòòwé tó bá yọ níbẹ̀. Ẹ má kó gbogbo àkọlé tó gùn gbọọrọ síbẹ̀ o. Ẹni tó ń tọ́ka lè ti gé e kù, tàbí kó ti fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn, kí ìwárí yín wá kọjá lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Adébáyọ̀ A. mélòó ló wà ní Nàìjíríà? Mélòó ló wà nínú ọgbà yìí nìkan? Nígbà tí ẹ bá ń ṣí prófáìlì, wọ́n máa bi yín bóyá kí wọ́n máa fi iṣẹ́ tuntun kún un fúnra wọn, àbí kí wọ́n kọ́kọ́ fi ímeèlì bèèrè. Ẹ yan pé kí wọ́n bèèrè. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí iṣẹ́ lórí oúnjẹ ẹja, lórí símẹ́ǹtì àti lórí òfin ilẹ̀ lábẹ́ orúkọ ẹni tó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì. Bí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá ṣí i, kò ní dùn láti ṣàlàyé.

Òdì kejì rẹ̀ ni kí iṣẹ́ kan ṣoṣo pín sí méjì, ọ̀kan láti ojúlé jọ́nà, èkejì láti ibi ìpamọ́ ilé ìkàwé. Ẹni mẹ́rin tọ́ka sí tibí, ẹni mẹ́ta tọ́ka sí tọ̀hún. Ẹ fàmì sí méjèèjì nínú prófáìlì, ẹ tẹ "Merge", kí ẹ yan èyí tí àlàyé rẹ̀ pé. Ìtọ́ka méjèèjì á di ọ̀kan, bí ẹnì kan náà bá sì tọ́ka sí méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa kà á.

Bàbá Sáfà

Etí ni gbogbo èyí tí wọ́n ń sọ láti àárọ̀. Ẹnu ńkọ́? Kò sí ẹ̀rọ tó lè ta ènìyàn lólobó nípa ìtọ́ka tí jọ́nà tó ṣe ìtọ́ka náà kò jẹ́ kó rí. Ẹ̀gbọ́n, ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Láti inú àtòjọ ìwé ìtọ́kasí ti jọ́nà yín lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Crossref ni ọ̀pọ̀ jọ́nà ti ń forúkọ DOI sílẹ̀. Jọ́nà tó bá ń forúkọ àpilẹ̀kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ń fi àkọlé, orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, ọjọ́ àti líǹkì ránṣẹ́. Ó tún lè fi àtòjọ ìwé ìtọ́kasí ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò fi ìyẹn pọn ọ́n ní dandan. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn jọ́nà wa ní DOI, wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tí àtòjọ ìtọ́kasí wọn wà nínú PDF nìkan tí kò dé ibòmíràn. Bó bá dé Crossref, gbangba ló wà, láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni OpenCitations àti OpenAlex, àwọn àkójọ ìtọ́ka ọ̀fẹ́, ti ń bù ú. Ìtọ́ka kan tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ibi púpọ̀ ló ń dé.

Ẹ yẹ tiyín wò báyìí. Nínú bíráósà, ẹ kọ api.crossref.org/works/ kí ẹ wá lẹ DOI àpilẹ̀kọ yín mọ́ ọn nídìí. Ọ̀rọ̀ jàgbàjàgbà kan á tú jáde. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl àti F, kí ẹ wá nǹkan méjì:

reference-count: iye ìtọ́kasí tí ẹ̀yin fi ránṣẹ́ fún àpilẹ̀kọ yẹn. Bó bá jẹ́ 0, ẹnu yín ṣì padé.

is-referenced-by-count: iye àpilẹ̀kọ tó tọ́ka sí i, lára àwọn tó wà lọ́dọ̀ Crossref.

Iye kejì yẹn sábà máa ń kéré sí ti Google Scholar. Google Scholar ń ka tíísì, ìwé ìpàdé àti ohunkóhun tó bá rí lórí ojúlé ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó fi àtòjọ ránṣẹ́ nìkan ni Crossref ń kà. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Nínú OJS 3, ẹ lọ sí Settings, Workflow, Submission, Metadata, kí ẹ ṣí References. Àpótí kan á yọ fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ lẹ máa lẹ àtòjọ sí, ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Bí méjì bá wà lórí ìlà kan, ẹ̀rọ á kà wọ́n sí ẹyọ kan, èkejì á sì nù. Àtòjọ tẹ́ ẹ bá dà kọ láti inú PDF ló ń fa èyí jù, nítorí PDF máa ń gé ìlà níbi tó bá wù ú. Láti inú Word ni kí ẹ ti mú un. Lẹ́yìn náà, ẹ tan plugin (àfikún ètò) Crossref, àti ẹnìkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Crossref Reference Linking, kí ẹ tún fi àpilẹ̀kọ náà ránṣẹ́.

Bó bá jẹ́ pé AJOL (African Journals Online) ló ń fún yín ní DOI, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.4314, ẹ kọ̀wé bi wọ́n bóyá àtòjọ ìtọ́kasí ń bá a lọ. Ẹ má fọkàn rò ó.

Olótùú Lágere

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, reference-count wa 0 ni, lórí gbogbo rẹ̀ tó ní DOI. Àwọn ìwé tí à ń tọ́ka sí ńkọ́, ṣé dandan ni kí DOI wà lára wọn?

Bàbá Sáfà

Kò pọn dandan, Crossref máa ń gbìyànjú láti fi àkọlé, ọdún àti orúkọ dá ìwé mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ní DOI ni kì í ṣìnà. Ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Simple Text Query, ọ̀fẹ́ ni: ẹ lẹ àtòjọ yín síbẹ̀, á bá yín fi DOI sí ìdí èyí tó bá dá mọ̀. Ẹ yẹ èsì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà á, pàápàá níbi tí ìwé kan bá ti ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti ẹ̀dà kejì.

Nǹkan kékeré mẹ́ta ló ń ba DOI jẹ́. Àkọ́kọ́ ni àmì ìdánudúró tí a fi parí ìtọ́kasí. Bí DOI bá parí sí 045, tí ẹ sì fi àmì ìdánudúró lé e, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè gbé "045." lọ, kò sì ní ṣí. Ẹ yọ àmì ìdánudúró yẹn kúrò. Èkejì ni háífìn tí ẹ̀rọ fi síbẹ̀ nígbà tí DOI gùn ju ìlà lọ. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n kọ "DOI:" pẹ̀lú àlàfo láàárín nọ́ńbà. Ẹ kọ ọ́ pátá bíi líǹkì, https://doi.org/ kí DOI tẹ̀ lé e láìsí àlàfo, kí ẹ sì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kó tó di pé ẹ gbé e jáde.

Ọmọ Mọ̀ọ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe jọ́nà ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ yín tún ní apá tirẹ̀, àwọn tó ń ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì kì í bá a pàdé.

Ìtọ́sọ́nà tí Google Scholar gbé jáde fún àwọn jọ́nà sọ pé kí àtòjọ wà ní ìparí lábẹ́ àkọlé tó wọ́pọ̀, bíi "References" tàbí "Bibliography", lórí ìlà tirẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀, kí ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà. Ẹ wo jọ́nà wa: "Ìwé Ìtọ́kasí", "Àwọn Ìwé tí a Yẹ̀wò", "Ìtọ́ka". Àwa mọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń wá "References" lè máà mọ̀ pé àtòjọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pa Yorùbá tì. Ẹ kọ "Ìwé Ìtọ́kasí" sórí ìlà kan, kí ẹ kọ "References" sórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Yorùbá wa kò bàjẹ́, ojú rẹ̀ ò sì burú.

Ìtọ́sọ́nà kan náà sọ pé kí PDF má kọjá 5MB, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ṣeé wá. PDF tí a ya fọ́tò ìwé sí kò ṣeé wá, àwòrán lásán ni títí ẹ ó fi gbé e gba inú OCR, ètò tó ń sọ àwòrán ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ gidi.

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà mìíràn ya ọ, ẹ àti ṣ. Lórí ìwé, ó dára. Nínú PDF, lẹ́tà mìíràn gbáà ló wà nísàlẹ̀ àwòrán yẹn. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ ṣí PDF, ẹ fa ìlà lé orúkọ òǹkọ̀wé kan, ẹ dà á kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad. Bí "Ọláòṣebìkan" bá di nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò lè pè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Google ṣe ń rí i, òǹkọ̀wé yẹn ò sì ní gbọ́ nípa ìtọ́ka náà láé. Fọ́ǹtì Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀rọ, ni kí ẹ lò.

Nínú Unicode gan-an, wàhálà díẹ̀ ṣì kù. A lè tẹ ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, tàbí o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó dúró lọ́tọ̀. Ojú kò lè dá wọn mọ̀, ẹ̀rọ ń dá wọn mọ̀. Ọ́ tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀ kò tiẹ̀ ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkópọ̀ ni nígbà gbogbo. Kí òǹkọ̀wé yan bó ṣe máa kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yálà pẹ̀lú àmì tàbí láìsí àmì, kó má sì yí i padà. Bó bá fẹ́ ṣe ìtanilólobó lórí orúkọ, kó ṣe ti àwọn méjèèjì.

Ìyá Lábù

Ẹ tún gbà mí láyè díẹ̀. A máa ń kọ orúkọ ìdílé ṣíwájú láìfi kọ́mà sí i. "Ògúnlẹ́yẹ Bọ́lá Fúnmi." Ẹ̀rọ á gbà pé Fúnmi ni orúkọ ìdílé, á tọ́ka sí "Fúnmi, Ò. B." Ẹ fi kọ́mà sí i, tàbí kí ẹ fi orúkọ ìdílé sẹ́yìn. Bákan náà ni àwọn obìnrin tó yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó: kí wọ́n fi orúkọ méjèèjì sínú ORCID wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ òǹkọ̀wé, àyè wà fún orúkọ mìíràn níbẹ̀.

Ará Iléṣà

Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe dárúkọ ORCID, nítorí ọ̀pọ̀ rò pé òun ló ń ta ènìyàn lólobó nípa ìtọ́ka. Kì í ṣe òun. Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ pé Adébáyọ̀ yìí kì í ṣe Adébáyọ̀ tọ̀hún. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn jẹ́ àyẹ̀wò fún àwọn yòókù, ó sì lè jẹ́ X, nítorí náà ẹ má rò pé àṣìṣe ni. Jọ́nà tó bá fi ORCID òǹkọ̀wé ránṣẹ́ sí Crossref, àpilẹ̀kọ náà lè wọ inú ORCID rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí òǹkọ̀wé bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ gbogbo òǹkọ̀wé nígbà tí wọ́n bá ń fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Kí wọ́n tẹ líǹkì wọlé fúnra wọn ni ó dára jù. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà náà lè fi nọ́ńbà ẹlòmíràn sílẹ̀.

Yàtọ̀ sí Google, Semantic Scholar, ibi ìwárí iṣẹ́ ìwádìí mìíràn, náà ń ṣe ìtanilólobó lọ́fẹ̀ẹ́, fún àpilẹ̀kọ kan tàbí fún òǹkọ̀wé. Ohun tó dára nínú tiwọn ni pé wọ́n máa ń gbìyànjú láti fi hàn bóyá ìtọ́ka náà wúwo tàbí ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, wọ́n sì máa ń gbé gbólóhùn tó yí i ká jáde níbi tí wọ́n bá ti rí i. Scopus àti Web of Science, àwọn àkójọ ìtọ́ka ńlá, ní tiwọn, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé gbọ́dọ̀ ti sanwó kí ẹ tó rí gbogbo rẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní Hezekiah Oluwasanmi, ilé ìkàwé OAU. Láìsanwó pàápàá, ẹ lè wo prófáìlì òǹkọ̀wé lórí Scopus, kí ẹ sì ní kí wọ́n pa méjì tó jẹ́ ti ẹnì kan náà pọ̀.

Èyí sì kan ìhà tiwa níbí gan-an. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà wà lábẹ́ OAUTHC, àkójọpọ̀ ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti OAU. Dókítà kan náà lè kọ "Wesley Guild" sí àpilẹ̀kọ kan, "OAUTHC" sí èkejì, "OAU" sí ẹ̀kẹta. Ó lè di ènìyàn mẹ́ta lójú ẹ̀rọ, kí ìtọ́ka rẹ̀ sì pín sí mẹ́ta. Ẹ bá ara yín sọ bí ẹ ṣe máa máa kọ ọ́, kí ẹ sì di í mú.

Olótùú Lágere

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ o. Ẹ wá jẹ́ ká dé orí lẹ́tà. Àpilẹ̀kọ mẹ́wàá, ìtọ́kasí bí ọgbọ̀n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀ọ́dúnrún lẹ́tà nìyẹn. Ṣé a lè kọ ọ́ sí gbogbo wọn?

Àǹtí Kátálọ́ọ̀gì

Rárá o, sà. Ẹni tí ẹ kàn dárúkọ nínú gbólóhùn kan pẹ̀lú ẹni mẹ́fà mìíràn kò nílò lẹ́tà. Ẹ yan mẹ́ta sí márùn-ún nínú àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan: ẹni tí ẹ lo ìlànà rẹ̀, ẹni tí ẹ lo dátà rẹ̀, ẹni tí ẹ ta kò. Ẹni tí ẹ ta kò gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, kó má baà jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ló ti máa gbọ́ ọ. Bí òǹkọ̀wé bá pọ̀ lórí iṣẹ́ kan, ẹni tí wọ́n fi ímeèlì rẹ̀ sí i nìkan lẹ máa kọ ọ́ sí.

Ẹ rí i dájú pé ẹni náà ṣì wà láyé. Nínú iṣẹ́ Yorùbá, àwọn àgbà tí à ń tọ́ka sí, púpọ̀ wọn ló ti wàjà. Lẹ́tà "a kí yín kú oríire" tó dé ọwọ́ ọmọ olóògbé kì í dùn ún gbọ́. Bí ẹ bá mọ ìdílé náà, ìyẹn di ọ̀rọ̀ mìíràn, ọ̀wọ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ìgbà tí àpilẹ̀kọ bá ti jáde, tí DOI rẹ̀ sì ti ṣí lórí fóònù yín àti lórí ti ẹlòmíràn, ni kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Kí lẹ́tà náà má ju èyí lọ:

*Àkọlé: A tọ́ka sí iṣẹ́ yín lórí oríkì nínú ẹ̀dà wa tuntun*

*Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. A fi àsìkò yìí sọ fún yín pé a tọ́ka sí àpilẹ̀kọ yín [àkọlé, ọdún] nínú iṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní jọ́nà wa. Ojú ewé 14 ni ìtọ́ka náà wà, níbi tí òǹkọ̀wé ti lo ìpínsísọ̀rí yín láti tú oríkì ìdílé mẹ́ta wò. Ọ̀fẹ́ ni láti kà á: [líǹkì DOI]. Bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ yín gbé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi tó wa létí. A kò ní kọ̀wé sí yín mọ́ lórí èyí.*

Ojú ewé àti ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ náà ṣe ló ń jẹ́ kí ẹni tó gbà á mọ̀ pé ènìyàn ló kọ ọ́. Ẹ má fi "ẹ wá kọ̀wé sínú jọ́nà wa" kún un, kódà nínú gbólóhùn ìkẹyìn. Àwọn jọ́nà agbowó ti lo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ débi pé tí ojú bá ti rí i, ọwọ́ ti pa á rẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan ímeèlì ènìyàn: èyí tó fi sórí àpilẹ̀kọ kí a lè bá a sọ̀rọ̀ nípa àpilẹ̀kọ ni kí ẹ lò, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú àtòjọ ìpolówó.

Bàbá Sáfà

Lórí fífi ránṣẹ́: ẹ má kó àádọ́ta ènìyàn sínú Bcc. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, pẹ̀lú orúkọ ẹni náà. Gmail ọ̀fẹ́ kì í gbà ju ẹni 500 lọ lóòjọ́, ẹ ò sì ní dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà ogójì tó jọra bá jáde láàárín ìṣẹ́jú méjì, ojú spam ni wọ́n á fi wò ó. Ẹ fi wọ́n sáàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ orúkọ ojúlé jọ́nà yín lẹ fi ń ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣètò SPF àti DKIM, tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà ti wá lóòótọ́. Láìsí wọn, lẹ́tà yín lè máà dé inú àpótí ẹnikẹ́ni, ẹ ò sì ní mọ̀.

Bí lẹ́tà bá padà, ẹ ka nọ́ńbà inú rẹ̀. 550 túmọ̀ sí pé wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá, ó sábà máa ń jẹ́ pé kò sí ímeèlì yẹn mọ́, ẹni náà ti kúrò níbẹ̀ tàbí ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ wá a lórí ORCID rẹ̀ tàbí ojúlé ẹ̀ka rẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, bíi 451, fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹ fi sílẹ̀, sáfà, ẹ̀rọ tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, á tún gbìyànjú fúnra rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Parakin

Ẹ jọ̀wọ́, àwọn lẹ́tà tó máa ń wá pé "ẹnì kan dárúkọ rẹ nínú ìwé kan, sanwó kí o lè rí i" ńkọ́? Ṣé ìtọ́ka gidi ni?

Ará Iléṣà

Nígbà mìíràn, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ ni wọ́n rí. Má sanwó. Wá àkọlé iṣẹ́ rẹ lórí Google Scholar àti OpenAlex, bó bá wà, á jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Bí lẹ́tà náà bá wá gbé ọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé ímeèlì yunifásítì rẹ, pa á dé lójú ẹsẹ̀, olè ni.

Olótùú Lágere

Ìbéèrè kan ló kù. Àwọn ẹ̀dà wa àtijọ́ ń kọ́? Mo fẹ́ tún PDF wọn gbé sókè pẹ̀lú fọ́ǹtì tó tọ́.

Ọmọ Mọ̀ọ̀rẹ̀

Ẹ tún un gbé, ṣùgbọ́n ẹ má yí líǹkì rẹ̀ padà. Google Scholar ń fi iṣẹ́ tuntun kún ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́sẹ̀, àmọ́ èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń gbà tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má pe ara yín ní aláìmọ̀ọ́ṣe bí ẹ ò bá rí ìyàtọ̀ lóṣù kejì. Ẹ̀dà tó tuntun jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa padà sẹ́yìn.

Àǹtí Kátálọ́ọ̀gì

Nípa ìwé ńkọ́, kì í ṣe àpilẹ̀kọ? Mo mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ń bọ̀, nítorí ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa kọ, kò ní DOI, kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google Scholar ṣì mọ̀ ọ́n láti inú àtòjọ àwọn tó tọ́ka sí i, á gbé e jáde pẹ̀lú [CITATION] níwájú àkọlé rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí ènìyàn mẹ́wàá bá kọ àkọlé náà ní ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ lè rí [CITATION] mẹ́wàá. Kí òǹkọ̀wé wọ prófáìlì rẹ̀, kó tẹ "Add articles", kó wá gbogbo wọn pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, kó kó wọn wọlé, kó fàmì sí wọn, kó tẹ "Merge". Èyí tí àkọlé rẹ̀ pé, tí ọdún rẹ̀ sì tọ̀nà, ni kó fi ṣe olórí wọn.